Ẹ Má Bẹ̀rẹ̀ Fílípì Orí Kejì Láti Ẹsẹ 9 Mọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹsẹ tó ní Ọlọ́run ti gbé Jésù ga gidigidi, tó sì fún un lórúkọ tó borí gbogbo orúkọ, ti di ohun tí a ń tẹ̀ sára báńà ìdúpẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò. Fọ́tò ọlọ́jọ́ nínú agbádá á wà láàárín, ọ̀rọ̀ nípa Olúwa á wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n pè mí sí irú ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ìyá àgbà kan ti jókòó sí ìlà kejì láti àárọ̀, ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbe orin jẹ́jẹ́. Bí ọkọ̀ àwọn àlejò pàtàkì ṣe dé, ọmọkùnrin kan tó ń fún èrò níjòókòó bẹ̀rẹ̀ síwájú ìyá. Ó ní, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dìde. Àwọn kan fẹ́ jókòó síbí." Ìyá ní, "Kò burú, ọmọ mi." Wọ́n mú ìyá jáde lọ sórí àga oníke lábẹ́ kánópì. Kò pẹ́ sígbà náà tí oníwàásù ka ẹsẹ 9, ó nawọ́ sí ọlọ́jọ́, gbogbo ilé sì ké "Àmín!"

Inú bí mi débi pé mi ò gbọ́ ìyókù ìwàásù. Ṣebí Jákọ́bù ti kọ̀wé nípa àga yìí gan-an: ọlọ́rùka wúrà wọlé, wọ́n ní kó wá jókòó síbi dáadáa, tálákà wọlé, wọ́n ní kó dúró sọ́hùn-ún.

Nínú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ti kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì, ìlú tí Róòmù fi sójà tó ti fẹ̀yìn tì tẹ̀ dó ní Makedóníà. Kó tó dé orí ìgbéga, ó kọ́kọ́ sọ ti ẹni tó wà ní àwòrán Ọlọ́run, tó bọ́ ògo sílẹ̀, tó gbé àwọ̀ ìránṣẹ́ wọ̀, tó gbọ́ràn títí dójú ikú àgbélébùú. Ikú tí Róòmù fi ń pa ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀ nìyẹn o. Gbogbo eékún tó sì ní yóò wólẹ̀, inú Àìsáyà 45 ló ti mú un, níbi tí Ọlọ́run ti ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ nìkan ṣoṣo. Ọlá tí Pọ́ọ̀lù kò fún Késárì la wá ń gbé fún kọmíṣánnà!

Ẹ tún wo Máàkù 10. Àwọn ọmọ Sébédè méjèèjì ní kí Jésù jẹ́ kí àwọn jókòó sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ nínú ògo rẹ̀. Ó ní wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Nígbà tí wọ́n wá kọ "Ọba àwọn Júù" sókè orí rẹ̀, ta ló wà lọ́tùn-ún, ta ló wà lósì? Olè méjì ni. Èmi gbà pé Máàkù mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn kan á ní ìlara ló ń ṣe mí, pé ṣé kí ẹni tí Ọlọ́run ṣe lóore má dúpẹ́ ni. Kó dúpẹ́! Àwọn ẹsẹ tó wà fún un pọ̀ nínú Sáàmù.

Ohun tó ń dà mí láàmú yàtọ̀ síyẹn. Hánà kọrin pé Ọlọ́run gbé aláìní dìde lórí ààtàn, ó mú un jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ aládé. Màríà náà ní ó rọ àwọn alágbára lóyè, ó sì gbé àwọn onírẹ̀lẹ̀ lékè. Nítorí náà, opó tó ń ta ata, tó ń ké "Olúwa, gbé mi ga" ní ìṣọ́ òru, Ìwé Mímọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò lè ní kó lọ máa wo àgbélébùú nìkan. Ìyà tó ti jẹ kò kéré. Níbo wá ni ìgbéga tí Màríà kọrin rẹ̀ parí sí, níbo sì ni èyí tí àwọn ọmọ Sébédè ń wá ti bẹ̀rẹ̀? Mo ti rò ó títí, mi ò tíì rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yin tó yé, ẹ bá mi dá sí i.