Ẹ Yé Pe Nọ́ọ̀sì Tó Ní Kí Aláìsàn Dìde Ní Ìkà

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí, ìyá kan tún sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ìkà ni nọ́ọ̀sì tó ní kí ọmọ àwọn dìde rìn lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣe oparéṣọ̀n gbẹ̀bí fún un. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n la inú rẹ̀, ṣe ló yẹ kó dùbúlẹ̀ gbalaja títí egbò á fi jiná. Àwọn tó jókòó sì ń mirí sí i. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́.

Ìdùbúlẹ̀ yẹn gan-an ló léwu. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń dá a padà sókè. Ẹran tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀, nísàlẹ̀ orúnkún, ló máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá gbé ẹsẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè gòkè. Ẹni tí kò bá mira, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa falẹ̀ nínú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí ìbímọ, ara ti múra láti mú ẹ̀jẹ̀ dì kíákíá kó má baà ṣòfò. Ẹ̀jẹ̀ tó ń falẹ̀, tó sì ti ṣe tán láti dì, kí lẹ rò pé ó máa ṣe?

"Ṣùgbọ́n bàbá lágbájá ńkọ́? Ìgbà tí wọ́n dìde ni wọ́n ṣubú, tí wọ́n kú." Mo mọ̀, mo ti rí irú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ọkùnrin kan tí àwọn ẹbí rẹ̀ kò jẹ́ ká gbé dìde, tó jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń jẹ, ibẹ̀ náà ló ti ń tọ̀. Lọ́jọ́ tó wá fẹ́ lọ wẹ̀, ó ní òun ò lè mí. Kí a tó gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kú. Àwọn ẹbí ní ayé ló ṣe é. Dókítà sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i lẹ́sẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ìdùbúlẹ̀, òun ló já, tó gba inú ọkàn kọjá, tó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ká ní ó ti ń rìn láti ọjọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ yẹn má ráyè dì rárá. Láti nǹkan bí ọdún 1846 ni Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ti ń fi hàn pé láti inú iṣan ẹsẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n ń bá nínú ẹ̀dọ̀fóró òkú ti ń wá.

Àwọn òyìnbó pàápàá ti máa ń dá aláìsàn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí bẹ́ẹ̀dì kò tó mọ́, ni wọ́n tètè ń gbé wọn dìde, wọ́n sì rí i pé ara wọn ń tètè yá.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni ti ìyá ìkókó. Ogójì ọjọ́ tí ẹ ní kó má kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, inú ọ̀sẹ̀ 6 tí ewu ẹ̀jẹ̀ dídì ga jù fún un gan-an ló bọ́ sí. Kó sinmi o, kí ẹlòmíì bá a fọṣọ, kí wọ́n bá a gbọ́mọ. Ṣùgbọ́n kó máa rìn!

Kì í ṣe pé a kàn ń fà yín sókè. A ó kọ́kọ́ fún yín ní oògùn ìrora, ẹ ó jókòó, ẹ ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kí ẹ tó dìde. Ẹ ṣẹ́ ìró pọ̀, kí ẹ fi tẹ egbò tí ẹ bá fẹ́ wúkọ́. Ẹni tí dókítà bá ní kó má tíì dìde, kó máa na àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú sẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì, kó sì mumi bí wọ́n bá ti gbà á láyè. Lóòótọ́, ìrìn nìkan kì í tó fún gbogbo ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ sí awọ ikùn kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà dì. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ ń ká yín lára, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ ọ́ fún yín, ẹ má pa á tì.

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń gbóná, tó ń dunni, ẹ pè wá, ì báà jẹ́ òru. Bí èémí bá ṣàdédé ń há, tàbí àyà ń dunni, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nínú ikọ́, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá. Ẹ má fi omi gbígbóná àti òrí ra ẹsẹ̀ tó wú yẹn, nítorí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín já ohun tó dì síbẹ̀.