Àtúnṣe: Kì í ṣe gbogbo mẹ́tàlì ni òòfà ń fà
Ẹni tí ó kọ̀wé pé gbogbo mẹ́tàlì ni ó le, pé òòfà ń fa gbogbo wọn, àti pé ohun tí kì í ṣe mẹ́tàlì kò lè gbé iná mànàmáná láéláé, ti da ọ̀rọ̀ pọ̀, àfàìmọ̀ kí ó má ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ti òòfà ni ó burú jù. Irin, níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáàtì ni àwọn tí a mọ̀ jù tí òòfà ń fà. Bàbà, wúrà, fàdákà, òjé àti alumíníọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ mẹ́tàlì ni gbogbo wọn. Bóyá ohun tí ó fa àṣìṣe yìí ni pé a sábà máa ń pe mẹ́tàlì yòówù ní irin.

Ní ti líle, ọ̀bẹ lásán lè gé sódíọ̀mù, mákúrì sì máa ń ṣàn bí omi, kò ní dì títí òtútù yóò fi dé nǹkan bí ìwọ̀n 39 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Kábọ́ọ̀nù, tí kì í ṣe mẹ́tàlì, ni ó já apá tí ó kẹ́yìn nírọ́. Nígbà tí ó bá wà ní ìrísí gráfáìtì, èyí tí a ń pò mọ́ amọ̀ láti fi ṣe inú pẹ́ńsù, iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí pé átọ́ọ̀mù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan so mọ́ átọ́ọ̀mù mẹ́ta mìíràn péré, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (ohun tín-ín-tín inú átọ́ọ̀mù tí ó ń gbé iná mànàmáná) rẹ̀ kẹrin, tí a kò lò fún síso yìí, sì lómìnira láti rìn káàkiri. Kábọ́ọ̀nù kan náà ni dáyámọ́ńdì, tí kì í gbé iná, ṣùgbọ́n tí ó le ju mẹ́tàlì èyíkéyìí lọ.