Ẹ má dí ihò fèrèsé yẹn mọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún gbọ́ ọ, nílé kan tí wọ́n ń parí lọ́wọ́ l'Ádó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ de síkúrù tó kẹ́yìn tán ni bíríkìlà po síméǹtì dé, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ sún díẹ̀, ẹ jẹ́ n dí àwọn ihò ìdí ẹ̀ yìí kí òjò má bàa wọlé." Onílé náà ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti sú mi.

Àwa oníwíńdò la lu ihò yẹn. A mọ ìdí tí a fi lù ú.

Fèrèsé alumíníọ́mù tí à ń fà sọ́tùn-ún sósì, ojú irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bíi gọ́tà kékeré. Bí òjò bá ti bá dígí, ibẹ̀ ni omi ń ṣàn sí, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Àwọn ihò kéékèèké tó wà létí rẹ̀ lápá ìta ló ń gbà jáde. Bí ẹ bá wá dí wọn, ibo lẹ fẹ́ kó gbà? Gọ́tà á kún, á sì dà sí pálọ̀.

Ojú mi ló ṣe. Ọdún kejì tí mo gba fúrídọ́ọ̀mù, mo gbọ́ ti onílé kan n'Íkẹ̀ẹ́rẹ́, mo fi sílíkónì, gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí etí fèrèsé, dí ihò fèrèsé mẹ́fà. Òjò oṣù kẹrin dé, èyí tó ń bá ìjì rìn. Ìyá onílé pè mí ní ìdájí: "Wá wo nǹkan tó o ṣe sílé wa o." Fóòmù ibùsùn ti mumi yó, ọ̀dà abẹ́ fèrèsé wú bí ara tí epo gbígbóná ta sí. Mo fi ìṣó tú ihò kan ṣoṣo. Omi tú yàà síta, kò tètè dá. Mo dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀.

Ẹni tí kò bá gbà á, kó bu omi ife kan sójú irin náà, kó jáde lọ wò ó.

Wọ́n á ní fèrèsé àwọn bàbá wa kò níhò. Pákó ni tiwọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ìkejì ni ti síméǹtì tí wọ́n fi ń há fèrèsé mọ́ ògiri nínú ilé, "kó lè dúró". Alumíníọ́mù tó gùn ní mítà 1.2, bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 30 lórí Celsius lé sí i, yóò fi bíi mìlímítà 0.8 gùn sí i. Síméǹtì kò ní gùn ju bí ìdajì ìyẹn lọ. Ọ̀kan ń fà, èkejì dúró, ó di sísán tín-ín-rín bí irun yí etí fèrèsé ká. Síméǹtì tútù tún máa ń jẹ alumíníọ́mù: ojú tó ń dán á funfun bí ẹni fi eérú pa á, kì í sì í lọ mọ́.

Ìta ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ń fi sílíkónì dí ibi tí irin ti kan ògiri, mo ń jẹ́ kí pẹpẹ ìsàlẹ̀ tẹ̀ síta díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo ń fi ọ̀pá omi wẹ̀ ẹ́ láti wò ó bóyá omi á wọlé. Bí inú ilé bá gbẹ, kí bíríkìlà wá fi síméǹtì rẹ́ ògiri ibẹ̀, kó ṣẹ́ àlàfo bíi mìlímítà 5 kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Ohun tó ń nà tí ọ̀dà sì ń mú ni kí ẹ fi dí àlàfo yẹn. Sílíkónì kọ́, pẹ́ńtà á kùn ún títí, kò ní lẹ̀.

Ó dáa, mo gbà: lórí òkè bíi ti Ẹ̀fọ̀n, afẹ́fẹ́ líle lè fẹ́ omi gba ihò náà padà wọlé. Ìdérí pelebe tó ń ṣí síta wà fún ìyẹn. Síméǹtì kọ́.

Bíríkìlà Adó yẹn dúró títí mo fi lọ, ó dí mẹ́rin. Onílé pè mí lánàá, lẹ́yìn òjò. Mo ní kó wá ìṣó sílẹ̀ dè mí.