Lennie kọ́ ló ba ayé George jẹ́ o

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tó bá ti ka Of Mice and Men, ìwé ìtàn tí John Steinbeck kọ nípa George àti Lennie, àwọn alágbàṣe oko méjì tó jọ ń rìn kiri ní Amẹ́ríkà, ló máa ń sọ ọ́ pé George ló lọ́pọlọ, Lennie kàn jẹ́ ẹrù lọ́rùn ẹ̀ ni, àti pé ká ní kò sí Lennie ni, George ì bá ti ra ilẹ̀ ẹ̀ tipẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà. Ẹnu George fúnra ẹ̀ lẹ ti gbọ́ ọ, lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ létí odò Salinas, Lennie ní òun fẹ́ ketchup tí wọn ò ní, inú bí George, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé tó bá jẹ́ òun nìkan ni, òun á kàn gba 50 dọ́là òun lópin oṣù, òun á sì lọ jayé òun. Ẹni tínú ń bí ló ń sọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin wá gbé e bíi pé akáńtà ló jókòó tó ń ṣírò.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ nígbà náà, torí Steinbeck kọ owó yẹn sínú ìwé ọdún 1937 yìí kedere. Ilẹ̀ tí George ń wò, ó ní òun lè rí i rà ní 600 dọ́là. Candy, bàbá àgbà tó ń gbálẹ̀ nínú oko yẹn, ní 250 tí wọ́n fún un ní gbà-má-bínú torí ọwọ́ ẹ̀ tó gé, 50 wà ní báǹkì, 50 míì ń bọ̀ lópin oṣù. Kí George àti Lennie kó 100 tiwọn lé e, ó di 450, George sì ní ìyẹn á tó bẹ̀rẹ̀, òun á ṣiṣẹ́ kó ìyókù.

Lennie wá ṣèèṣì pa ìyàwó Curley, Curley yẹn ni ọmọkùnrin ọ̀gá oko, gbogbo wọn ti mọ̀ pé ti Lennie ti parí, Candy ṣì ń bẹ George pé ṣé àwọn méjèèjì ò lè ra ilẹ̀ yẹn síbẹ̀. Ẹ yọ 50 ti Lennie, 400 ló kù, kí George ṣiṣẹ́ oṣù kan sí i, ó ti pé 450 yẹn padà. Kò sí ẹrù lọ́rùn ẹ̀ mọ́ o! Kí ló wá sọ? Ó ní òun á gba 50 dọ́là òun, òun á lọ sùn sílé aṣẹ́wó, tàbí kóun jókòó síbi tí wọ́n ti ń gbá snúkà títí gbogbo èèyàn á fi lọ sílé. Ìgbádùn tó fi ń halẹ̀ lọ́jọ́sí náà nìyẹn. Ó tún jẹ́wọ́ pé ó jọ pé òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé kò lè ṣeé ṣe, pé Lennie ló fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ tóun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá.

Apá kan tún wà tí ò dáa létí. George sọ fún Slim, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn lóko yẹn, pé tóun bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lennie, òun máa ń dà bí ọlọ́gbọ́n. Ó ti fìgbà kan sọ fún Lennie pé kó bẹ́ sódò Sacramento lójú àwọn èèyàn, Lennie tí ò mọ̀wẹ̀ rárá bẹ́ sí i, ó kù díẹ̀ kó kú, ló bá tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ George tó fà á jáde. Ẹ wá sọ fún mi ta ló nílò ta níbẹ̀yẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ ketchup yẹn náà, Lennie ní tó bá jẹ́ pé George ò fẹ́ òun, òun á lọ máa gbé inú ihò lórí òkè. George ò jẹ́ kó lọ, ó ní kó dúró ti òun. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé lèyí wà, mi ò mọ bí ẹ ṣe ń kà á tẹ́ ẹ máa ń fò ó.