Atamátàsé tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀: kó tètè lọ sókè òkun ni, àbí kó kọ́kọ́ gbá líìgì ilé?

Àgbà Láàgéré: Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé àwọn kan ń sọ fún òbí ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà pé àwọn lè mú ọmọbìnrin ọdún 17 tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé lọ sí Yúróòpù kíákíá. Òfin FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 lọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè míì, àfi láwọn ipò díẹ̀, bíi kí òbí rẹ̀ ṣí lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Àyè tí òfin náà fún ọmọ ọdún 16, tí wọ́n fi ń tan èèyàn, àárín àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fúnra wọn ló wà. Ẹni tó bá gba owó físà lórí ọ̀rọ̀ yìí, jìbìtì ló ń ṣe.

Ọmọ Ọbòkun: Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Tó bá wá pé 18 ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Orí ilẹ̀ pupa tó le koko làwọn ọmọ wa ń gbá, bọ́ọ̀lù ń ta sókè ta sódò, nítorí náà wọ́n mọ́ ọn lára kí wọ́n gbá a síwájú kí wọ́n sì sá tẹ̀lé e. Tí wọ́n bá dé ibi tí àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn ti fún ara wọn pọ̀, àyè ìsáré ò sí mọ́. Ó di dandan kí atamátàsé lè kẹ́yìn sí ojú ilé góòlù, kó mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé, kó fẹsẹ̀ kan gbà á, kó sì fi kan náà yí. Bó bá ṣe ń pẹ́ ló ń ṣòroó kọ́.

Àgbà Láàgéré: Àbúrò, èmi ní kó kọ́kọ́ gbá sáà méjì nínú líìgì ilé. Ẹ wo ìrìn Asisat Oshoala, atamátàsé Super Falcons. Ẹgbẹ́ ilé ló ti bẹ̀rẹ̀, FC Robo àti Rivers Angels, lẹ́yìn náà ó gbá góòlù 7 ní ife àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ogún ọdún lọ ní Kánádà lọ́dún 2014. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó dé Liverpool ní 2015. Ó lọ Arsenal, ó lọ Ṣáínà, ó tó dé Barcelona ní January 2019. Sáà 2021/22 tó gbá góòlù 20, tí òun àti Geyse ọmọ Bràsíìlì jọ léwájú nínú góòlù gbígbá ní líìgì Sípéènì, ọmọ ọdún 27 ni. Rasheedat Ajibade, Super Falcons bíi tirẹ̀, náà ti lo sáà ní Robo kó tó lọ sí ẹgbẹ́ Avaldsnes ní Nọ́wè, Atlético Madrid wá tẹ̀lé e ní 2021. Ta ló fo líìgì ilé nínú wọn?

Olùtọ́jú Eegun: Orúnkún lẹ ò tíì dárúkọ. Iṣan inú orúnkún tí wọ́n ń pè ní ACL máa ń já lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì sẹ́ni tó fara kàn án: ó fò, ó balẹ̀, orúnkún yà sínú. Bó bá já, oṣù mẹ́sàn-án ó kéré tán kó tó padà gbá bọ́ọ̀lù. Ìdárayá 11+ ti FIFA, tí wọ́n fi ń dènà ìfarapa, ogún ìṣẹ́jú ni, ìpín mẹ́ta, oríṣi 15, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé wọn á kàn sáré yípo pápá, wọn á fi ìpín kejì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni agbára itan àti ìdúró déédéé wà. Kóòṣì ní láti dúró níwájú ọmọ, kó wo orúnkún rẹ̀ bó ṣe ń balẹ̀. Bàtà tí eyín rẹ̀ gùn kò sì dára lórí ilẹ̀ líle, torí ẹsẹ̀ lè há nígbà tí ara ń yí.

Ọmọ Ọbòkun: Ẹ ṣeun, dókítà.

Akọ̀wé Ìsọ̀kún: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹgbẹ́ ní Iléṣà, ìwé ń jẹ yín níyà! Tí ẹgbẹ́ kan bá sanwó ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè míì kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15, 0.25%. Láti 16 sí 23, 0.5%. Ní 2024, Bay FC ti Amẹ́ríkà ra Racheal Kundananji, atamátàsé ọmọ Zambia, ní nǹkan bíi 735,000 yúrò. Ká ní irú owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n san lórí ọmọ tí ẹ tọ́ fún ọdún méjì, ní 16 àti 17, yúrò 7,350 ló máa kàn yín. Ṣùgbọ́n bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lábẹ́ yín lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, kọ́bọ̀ ò ní dé. Tó bá sì jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ló lọ, kò sí nǹkan kan láti pín.

Àdùkẹ́ Mọ́dákẹ́kẹ́: Ẹ kú àlàyé, sà. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bèèrè: ṣé owó orí ti kúrò nínú iye tí wọ́n kọ? Ta ló ń san ilé? Ta ló ń san tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀? Ní Sípéènì, ìyanṣẹ́lódì àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin ní September 2023 ló gbé owó tó kéré jù lọ tí wọ́n ń san fún wọn dé 21,000 yúrò lọ́dún, wọ́n sì fẹnu kò pé kó gòkè dé 23,500 ní sáà kẹta, 2025/26. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ lówó oṣù méjì, kó kọ̀wé sí wọn, kó fún wọn ní ọjọ́ 15 láti san án. Bí wọn ò bá san, ó lè fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ láìjẹ̀bi. Kó má kàn kó ẹrù. Àdéhùn pẹ̀lú aṣojú kò gbọdọ̀ ju ọdún méjì lọ, orúkọ aṣojú náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú àwọn tí FIFA fún níwèé àṣẹ.

Ọmọ Ọbòkun: Lórí ìwé, mo ti gbà fún yín pátápátá. Lórí sáà méjì, mi ò tíì gbà. Sáà kan péré nínú líìgì ilé tó, bí ó bá ní fídíò.

Àgbà Láàgéré: Bó bá jẹ́ sáà kan, kí fídíò náà jẹ́ odindi ìdíje mẹ́ta, ìṣẹ́jú 90 kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yà á láti ibi gíga níbi ìlà àárín pápá. Góòlù nìkan tí wọ́n gé pọ̀ kò fi hàn ohun tó ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń wò nìyẹn.