Ẹ yéé sọ pé òṣìṣẹ́ ò fẹ́ àyípadà

"Òṣìṣẹ́ wa ò fẹ́ nǹkan tuntun." Gbólóhùn yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n ń sanwó fún kí wọ́n wá bá wọn tún iṣẹ́ tò náà ti kọ́ ọ. Èmi ò gbà rárá.

Ta ló pe àwọn ìyá aláta sí sẹ́minà lọ́dún 2023? Owó bébà wọ́n bí ojú, wọ́n kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára páálí, wọ́n gbé e kọ́ ẹnu ìsọ̀, ó parí. Lónìí, ẹ ò tíì gbé báàgì yín tán tí wọ́n á ti máa wò bóyá alẹ́ẹ̀tì ti wọlé. Ẹni tó bá rí i pé nǹkan tuntun máa ṣe òun lóore kì í pẹ́ gbà á. Kí wọ́n já èèyàn jù sílẹ̀ lágbedeméjì ni kò dáa.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ náírà yẹn ṣe lọ. Oṣù Kẹwàá 2022 ni Godwin Emefiele, tó jẹ́ gómìnà báǹkì àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé àwọn máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Àárín oṣù Kejìlá ni tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n sì ní tó bá ti di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2023, àtijọ́ ò ní ṣeé ná mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méje! Àtijọ́ ń wọ báǹkì wọ̀ọ̀, tuntun ń jáde tín-ín-rín. Wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Ó di ọjọ́ 3 oṣù Kẹta kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó ní àtijọ́ ṣì ṣeé ná títí di ìparí ọdún. Àwọn ọmọ tó jókòó sí káńtà ló jìyà rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń bú, ibi iṣẹ́ wọn ni wọ́n kọlù ní Abẹ́òkúta. Bẹ́ẹ̀, kéṣíà kan ṣoṣo ì bá ti sọ fún ẹni tó bá bi í pé èyí tó ń jáde ò tó èyí tó ń wọlé.

Kì í ṣe pé a ò mọ̀ ọ́n ṣe o. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, ọjọ́ Àìkú Ọdún Àjíǹde, gbogbo mọ́tò Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, bíi ti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Wọn ò mú ọjọ́ Ajé tí gbogbo ayé ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní 1973, a fi pọ́n-ùn sílẹ̀ fún náírà: pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ìyá àgbà tí kò kàwé á ti ṣírò ẹ̀ tán kó tó dé ọjà.

Nísinsìnyí, ilé iṣẹ́ á ra sọ́fúwéà olówó gọbọi, wọ́n á pa ti àtijọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó ń gbé fóònù oníbàárà á wá gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ṣebí a rí i lọ́dún 2024, nígbà tí báǹkì mélòó kan yí sọ́fúwéà wọn padà, tí oníbàárà ò rí owó wọn ná. Ta ní í wó ilé àtijọ́ nígbà tí òrùlé tuntun ò tíì gòkè?

Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè fún irú iṣẹ́ yìí, káńtà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ tó wọ yàrá ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí tuntun àti àtijọ́ jọ máa ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Ọ̀gá á ní owó ẹ̀ pọ̀ jù. Ó pọ̀ lóòótọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá fagi lé e, ẹ ní kó fọwọ́ síwèé pé òun ló fagi lé e.