Kò sí ìwé ìgbanisíṣẹ́? Ẹ ṣì lè gba ẹ̀san

Ọ̀kun gbogbo ilé o. Lọ́yà kan ní Kàbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lórí ojú ìwé yìí, tó ń gba ẹjọ́ àwọn tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ó ní wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá bá òun. Òótọ́ ni, àmọ́ kò mẹ́nu ba ọjọ́ tí òfin dá. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí ẹni tó ṣèṣe fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń san ẹ̀san náà.

Àwa ńkọ́? Bí òkúta bá fọ́ ọmọ wa lẹ́sẹ̀ ní kúárì, ọ̀dọ̀ ategungun ni a ń gbé e gbà. Mi ò bá wọn jà, àwọn ló jẹ́ kí àbúrò ìyá mi tún máa rìn. Ṣùgbọ́n wọn kì í kọ ìwé, ìwé dókítà ni NSITF yóò sì béèrè. Ẹ kọ́kọ́ ya ọsibítù. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ṣe yín léṣe, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ẹni tó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́yà náà pé lébìrà tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, irọ́ ni. Òfin náà ka lébìrà àti ọmọ iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà wọ́n.

Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń gbowó kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni, àbí nínú ohun tí a bá rí gbà?